Lẹ́tà Ọkọ̀ Ogun Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti gbé irọ́ kan mì, kò sì dà nínú mi. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún pásítọ̀ mi. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnìkan fẹ́ kí n bá òun lọ sí Kútọnu, ibẹ̀ sì ni irọ́ náà máa tú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Olùkọ́ ni mí ní abúlé kan ní ìhà Idigny, nílẹ̀ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Mẹ́tìrì ni gbogbo wọn ń pè mí, bí àwọn Faransé ṣe ń pe olùkọ́. Bàbá kan wà lábúlé yìí tí a ń pè ní Bàbá Matelò, nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọdún gbọọrọ kó tó padà wálé wá dáko àgbàdo. Ilẹ̀ pupa ni tiwa níbí. Omi kànga pàápàá jìnnà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ kò rí òkun rí.

Àwọn olè orí òkun ló pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ogun tí ì bá gbà wọ́n ni bàbá ń rò ṣáá. Ẹnjiníà ọkọ̀ wọn ní ìwé kan tó kún fún àwòrán àwọn ọkọ̀ ogun àrà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá dábàá, ṣùgbọ́n tí wọn kò kàn rí. Bàbá mọ̀ wọ́n lórí. Ó máa ń sọ fún mi nípa ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ fi yìnyín dídì ṣe, tí ọkọ̀ òfuurufú yóò máa balẹ̀ lé lórí. Ó ń sọ nípa òmíràn tí ìbọn orí rẹ̀ wúwo débi pé kò sí èbúté tó lè gbà á.

“Owó wọn pọ̀, ọgbọ́n wọn pọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò kúrò lórí ìwé,” ni ó wí. “Tèmi kéré, Mẹ́tìrì. Wọ́n lè kàn án.”

Ọkọ̀ tirẹ̀ ní ikùn méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì, omi á máa gba àárín wọn kọjá. Ó ba mọ́lẹ̀ lójú omi bí ọ̀nì, kí olè má baà tètè rí i. Àárín ikùn méjèèjì ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń sáré máa fara pamọ́ sí. Ó fi oparun gbẹ́ kékeré rẹ̀, ó gbé e lé omi nínú ọpọ́n ìfọṣọ, kò sì dojú dé. Ó wá yà á sórí ìwé mọ́kànlá. Ó ní kí n kọ lẹ́tà Faransé tí yóò bá a lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Kútọnu.

Mo kọ ọ́, mo sì gbé e lọ. Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ ní kí n ṣí i. Ó rí àwòrán pẹ́ńsùlù lórí ìwé ọmọ iléèwé, ó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ní kì í ṣe tèmi, wọ́n rán mi ni. Mo ká a padà sínú àpò mi. N kò wọlé rárá.

Bàbá ń dúró dè mí létí títì nígbà tí mo dé.

“Ṣé wọ́n gbà á?”

“Wọ́n gbà á, Bàbá.”

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á yà sí iléèwé wa. Á bi mí bóyá èsì ti dé. Ó ń bi mí bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan. Kò bínú rí. Ìyẹn ló sú mi jù.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Mo rò pé tó bá rí èsì, inú rẹ̀ á dùn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo lọ sí Kétu, mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan fún mi. Mo fún ọ̀gá tí kò sí láyé lórúkọ. Mo lu òǹtẹ̀ iléèwé wa sí i, mo sì fi àtàǹpàkò ra á kí tàdáwà rẹ̀ tó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí orúkọ kà. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń gbé àwòrán náà yẹ̀wò. Kó lè dà bí lẹ́tà ìjọba gidi, mo fi kún un pé kí ó má ṣe kúrò nílé, nítorí àwọn ọ̀gá lè wá bá a nígbàkúgbà.

Gbólóhùn yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bàbá sunkún nígbà tí mo kà á fún un. Ó fi ọ̀rá wé lẹ́tà náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Àbúrò rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, ó fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bàbá kọ̀. Ó ní ìjọba ní kí òun má kúrò nílé. Àbúrò náà wá bẹ̀ mí pé kí n bá bàbá sọ̀rọ̀. Mo lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ lọ, ẹ ó tètè dé.”

“Bí wọ́n bá dé lẹ́yìn mi ńkọ́?”

Mo dìde, mo dágbére.  Nígbà tí wọ́n fi agídí gbé e lọ lẹ́yìn ọdún méjì, dókítà ní ká ní ó tètè wá ni, ojú náà ì bá má kú. Ojú méjèèjì ti fọ́ báyìí. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràfíátù, ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá rẹ̀ sì ní kó bá òun gba àwòrán náà padà, nítorí òun kò lè ya òmíràn mọ́. Ó mú lẹ́tà náà wá bá mi ní kíláàsì.

“Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, iléeṣẹ́ wo gan-an lẹ mú un lọ? Mo fi fóònù béèrè orúkọ ọ̀gá yìí ní Kútọnu, wọn kò mọ̀ ọ́n.” Ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn. “Ó dà bíi pé orúkọ iléèwé kan ló wà nínú òǹtẹ̀ yìí.”

Mo ní ìwé náà ti gbó ni. Ó fi ọ̀rá wé lẹ́tà náà padà.

“Ó dáa. Ẹ bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ fi ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé hàn mí.”

Mo ní mo gbọ́.  Láti ọjọ́ náà, bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé wa, mo máa ń sá wọ yàrá. Mo ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, mo ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdílé yẹn ń bà mí ju ìyẹn lọ. Àwòrán mọ́kọ̀ọ̀kànlá ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú àpótí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé wọn jáde láti sun wọ́n. Mo dá wọn padà.

Lánàá, bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Mẹ́tìrì, mo gbọ́ pé ẹ jọ ń lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè kàn án, n kò ní bínú. Ìwọ ṣáà bá mi bi wọ́n bóyá ẹnìkan tilẹ̀ jókòó wò ó.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi nìkan ni mo jókòó wò ó. Bí kò bá sí ẹnìkan nílé, mo máa ń tẹ́ àwọn àwòrán náà sílẹ̀. N kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ omi, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wà, mo sì mọ ibi tí pẹ́ńsùlù bàbá ti kán tó tún fà á. N kò sọ ọ́ fún un. Mo ní, “Màá bi wọ́n, Bàbá.”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kó tó di ọjọ́ Ajé, àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún Ràfíátù? Ṣé kí n gbé àwòrán náà dání lọ? Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún afọ́jú, kó jọ̀ọ́, kó kọ́ mi.