Wọn Á Rẹ́rìn-ín Tán

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Tunga lọ sí Keteren Gwari, lókè Ọya níbí, lánàá, mo gbọ́ ohun tí obìnrin méjì tó jókòó tì mí ń bá ara wọn sọ.

"Ìyá Ìbejì, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo máa jábọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lédè òyìnbó?"

"Èmi ni. Àwọn àlejò wa kò gbọ́ Yorùbá. Mi ò sì ní wo ìwé."

"Kai! Ìwọ tó jẹ́ pé Hausa lo fi ń ta aṣọ?"

"Mo ti fi Hausa sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Òyìnbó ni mo fi ń kí gbogbo oníbàárà báyìí. Alhaja kan tiẹ̀ bi mí pé kí ni òun ṣe tí mo fi ń bínú sí òun."

"Ìyàwó lọ́yà pọ̀ níbẹ̀ o. Tí o bá ṣì í sọ, wọn á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Wọn á rẹ́rìn-ín tán. Màá dúró dè wọ́n. Tí wọ́n bá dákẹ́, màá máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ."

Ó ní òun á dúró dè wọ́n! Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà, ọ̀gá wa fi òyìnbó mi rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo olùkọ́, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́nu mi. Mo jókòó, n kò sì sọ̀rọ̀ ní ìpàdé mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá náà ti kú. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Mo bi Ìyá Ìbejì pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni tiwọn. Iwájú ni màá jókòó sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá sì kọjú sẹ́yìn, kí n lè rí ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.