Òótọ́ Tí Wọ́n Ní Ká Fi Orúkọ Sí

Orí ìlà bọ́ọ̀sì ní CMS ni mo wà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà méjì tó wálé fún họ́lídè.

Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú wọn mú ìwé kan dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yí ètò ẹ̀kọ́ wa padà. Wọ́n ní láti ọdún kìíní la ó ti máa rí aláìsàn. Wọ́n ní ká kọ bó ṣe rí lára wa síbí."

"Ṣé ẹ ń rí aláìsàn ọ̀hún?"

"À ń rí wọn o! Iṣẹ́ ògbufọ̀ la wà fún. Ọ̀gá òyìnbó tó ń kọ́ wa á ní kí n bi màmá aláìsàn léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Màmá á kí i, wọ́n á bèèrè ìyàwó ẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún un, kó tó wá kan inú rírun. Òyìnbó ò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mo máa ń sọ pé, 'Inú ni, sà.' N ò fọwọ́ kan ikùn ẹnikẹ́ni rí! Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn."

"Wọ́n ní kó o fi orúkọ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló máa máàkì ìdánwò ẹ?"

"Ọ̀gá yẹn náà ni."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú bí èmi débi pé mo fẹ́ já ìwé náà gbà kí n bá a kọ ọ́! Àbúrò fa bírò yọ, ó kọ ọ́ wéré.

"Kí lo kọ?"

"Mo ní ètò tuntun dára, a dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ ti wọlé. O ti di ògbufọ̀ pátápátá."