Ìbúra Tí Mo Gbé Wọlé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, pè mí lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní, "Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lẹ́tà kóòtù ti dé, wọ́n ní kí n wá ṣe júrì. Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí, àbí? Kí ni kí n máa retí?" Mo gbé fóònù sétí, n kò lè fọhùn. Ó rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló já. "Hẹ́lò? Dádì?" Mo ní màá pè é padà. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì pè é. Ohun tó bi mí kò ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdí júrì yẹn ni mo ti pàdánù ìyá rẹ̀.

Ọdún kejì tí mo gba ìwé ọmọ ìlú ni lẹ́tà tèmi dé sílé wa ní Cheetham Hill, ní Manchester níbí. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, ń tún yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní Fallowfield. Tọ́pẹ́ ti lọ sí yunifásítì, àwa méjèèjì la kù nílé. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ẹni tí àsìkò kò bá rọ̀ lọ́rùn lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún un síwájú. N kò tilẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba ránṣẹ́ pè mí, kí n ní n kò ráyè? Ká má parọ́, inú mi dùn. Èmi tí mo ń gbé páálí látàárọ̀ dalẹ́, èmi náà fẹ́ jókòó dá ẹjọ́ nílẹ̀ òyìnbó! Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, àgbà ìjọ wa, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Mílọ́ọ̀dù! Ẹ má sọ wá sẹ́wọ̀n o, a ò jí nǹkan kan!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ ló rẹ́rìn-ín jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á yẹ àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà bí ti pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ ó jókòó sí gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ ó mu tíì títí yóò fi sú yín. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣẹ́ kèké mú orúkọ méjìlá, àwọn ará ìlú tí yóò sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi; àwọn ni wọ́n ń pè ní júrì. Orúkọ mi jáde. Akọ̀wé kóòtù pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gún, mo sì dìde. Mo gbé Bíbélì dání, mo búra pé n óò dá ẹjọ́ náà lódodo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí mo bá gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni adájọ́ kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ náà, ì báà ṣe ọkọ tàbí aya ẹni. Wọ́n fún wa ní bébà àti bírò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ẹjọ́ náà gbà. Mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bàbá mi máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí àwa méjìlá sọ nínú yàrá wa, n kò ní sọ ọ́, òfin kò gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìbúra ń bẹ lára mi láti kékeré. Àbúrò bàbá mi kan búra èké lórí ilẹ̀ ẹbí. Kí ọdún tó yí po, ìyàwó rẹ̀ kú, àrẹ̀mọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìṣojú mi ni wọ́n ti gbé òkú méjèèjì jáde. Nítorí náà, bí mo ti búra tán, tí adájọ́ sì kìlọ̀, ọ̀kan náà ni mo ka méjèèjì sí. Mo ní bí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yìí bá bọ́ lẹ́nu mi nílé pẹ́nrẹ́n, orí Àbẹ̀kẹ́ ni yóò já lé. Ìyẹn ni mo ń sá fún. Mo kúkú pa ẹnu mi dé.

Bí mo bá ti wọlé, màá jẹun, màá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá bi mí pé báwo ni ọjọ́ òní, màá gbọ́wọ́ sókè pé kó má bi mí. Ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ọbabìnrin ti gba ahọ́n yín lọ ni, Baba Tọ́pẹ́?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá jókòó tì mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Baba Tọ́pẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Àbẹ̀kẹ́, mo ti búra."

"Kì í ṣe ti kóòtù yín o."

"Ọ̀rọ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Jẹ́ ká parí ẹjọ́ yìí ná."

Ó ní, "Kò burú," ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, irú etí wo ni mo ní? Mo gbọ́ ti àjèjì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, n kò lè gbọ́ ti ìyàwó mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún! Ẹjọ́ parí, dídákẹ́ ti mọ́ mi lára. N kò bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Òun náà kò dá a sílẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó fẹ́ wé gèlè, apá òsì rẹ̀ kò gòkè. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ṣí ọmú rẹ̀ hàn mí. Kókó kan wà níbẹ̀ tó ti tó ẹyin adìyẹ, ojú rẹ̀ ti dégbò.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi í pé ìgbà wo ló ti kọ́kọ́ rí i. Àbẹ̀kẹ́ wò mí kó tó dáhùn. Ó ní, "Ìgbà tí ọkọ mi ń lọ sí kóòtù ni." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, bí èmi náà ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sílé, mo bi í pé, "Kí ló dé tó ò pariwo mọ́ mi?" Ó ń wo ìta. Ó ní, "Ẹ ní ẹ ti búra. Mo mọ ohun tí ìbúra ṣe nílé yín. Ṣé kí n wá jẹ́ kó ṣe yín ni?" Kò pé ọdún kan ààbọ̀ tó fi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá wá bá mi jókòó, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Èmi náà ṣe júrì rí. Ẹjọ́ nìkan ni wọ́n ní ká má sọ. Ta ló ní kó o má bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀?" Ó ní bí mo bá tilẹ̀ ti sọ fún òṣìṣẹ́ kóòtù pé ara ìyàwó mi kò yá, wọn ì bá gbọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Báwo ni n óò ṣe mọ̀?

Èyí tó burú jù ni pé Tọ́pẹ́ ń bínú sí ìyá rẹ̀ títí dòní. Níbi ìsìnkú, ó ń sunkún, ó ní, "Mọ́mì ló fà á! Wọn kì í sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí wọn ò sọ?" Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Mo tún dákẹ́! Àbẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀ láti rojọ́ ara rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ kan ṣoṣo kò yanu.

Ní Sátidé yìí, Tọ́pẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí mi, torí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni yóò bẹ̀rẹ̀ júrì. Bí mo bá sọ fún un, ó lè má wọ ilé mi mọ́, òun nìkan ni mo sì ní láyé. Bí n kò bá sọ fún un, yóò máa dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi títí ayé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin tí lẹ́tà náà bá dé bá, ẹ lọ, ẹ búra, ẹ dá ẹjọ́ yín lódodo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, tí ẹni yín bá ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ jókòó. Àbẹ̀kẹ́ sọ ọ́. Èmi ni n kò jókòó.