Òwú Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kó Sórí Ọmọ

Ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀ ná, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tinú mi, torí bí mo bá mu omi yín, inú mi á rọ̀, mi ò sì wá sí Agbówà pé kí inú mi rọ̀. Waliyah ọmọ yín gbé ọmọ pọ̀n, ó gbé ìkòkò, ó gbé sítóòfù, ó kúrò nílé mi ní Ìtamága, ó wá sọ́dọ̀ yín, ó ní òun ò ní sùn lábẹ́ òrùlé mi mọ́. Òrùlé mi, Màmá. Mi ò nà án, mi ò fẹ́ ẹlòmíì lé e, ebi ò pa á. Nítorí òwú ni o. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé òwú tú ilé ká?

Ẹ ní kí n jókòó? Mo ti jókòó. Ẹ wo ọrùn mi, ẹ wo apá mi, ẹ wo bí mo ṣe họ ara bí ajá eléépá. Ta ló ṣe mí báyìí? Èmi náà ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí ká ní ẹlòmíì ni, mi ò bá ti lọ bá a nílé, mi ò bá ti sọ̀rọ̀ sí i kí ara tù mí. Báwo lèèyàn ṣe ń lọ bá ara ẹ̀ nílé?

Ooru ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé alámọ̀, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí lára, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá ti yọ díẹ̀ sórí páànù ilé wa, abẹ́ ẹ̀ ti di ààrò. Àbẹ́là tí mo gbé sójú wíńdò tẹ̀ bí ẹni ń rúkúù, kò sì gbé orí sókè mọ́. Mobọ́lájí á máa ké, ìyá ẹ̀ á máa fi páálí fẹ́ ẹ, èmi á lọ nà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ tí wọn ò sanwó fún. Waliyah wá ní, "Alhaji mi," torí Alhaji ló máa ń pè mí bó bá ń wá nǹkan, èmi tí mi ò tíì rí ojú ọkọ̀ òfuurufú, ó ní, "Ṣé o ò lè wá nǹkan ṣe sí ooru yìí ni?" Ó pè mí ní Alhaji, mo sì fẹ́ jẹ́ ọkùnrin lójú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ Bísíríyù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ní Ìkòròdú, ẹni tó jẹ ẹja yín títí nígbà tí a sọmọ lórúkọ. Wọ́n ń wó yàrá yìnyín àtijọ́ kan níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń da òwú inú ògiri ẹ̀ nù. Ó ní òwú yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru wọlé bá yìnyín. Mo ní ṣé ọ̀fẹ́ ni? Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Màmá, mi ò béèrè nǹkan míì. Mo ru àpò òwú wálé, ó rọ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lóòótọ́. Ẹ sì mọ ibi tí mo ti wá, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, òfì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi lè dijú kí wọ́n fọwọ́ kan òwú, kí wọ́n sọ oko tó ti wá fún yín. Èmi náà, télọ̀ ni mí, kò sí aṣọ tí ẹ máa fi lé mi lọ́wọ́ lókùnkùn tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Irú èmi yìí ló gbá gíláàsì mọ́ra tó ń pè é ní òwú. Gíláàsì ni, Màmá. Wọ́n yọ́ ọ lórí iná ni, wọ́n wá fà á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Bí bàbá mi bá gbọ́, wọ́n á ní wọ́n pààrọ̀ mi ní ọsibítù.

Èmi náà ni mo gun àkàbà. Sílìn yẹn, ti láéláé ni, ó le, ó rí bí eérú, a bá a nínú ilé yẹn ni. Mo gbé ayùn, mo rẹ́ ẹ kí n lè rí ibi ti òwú gbà. Eruku ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, èmi ń kọrin. Èyí tó wọlé nínú òwú wọlé, èyí tí kò wọlé, mo jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro níbẹ̀, mo ní ó bá ilé mu. Ilé tutù díẹ̀ lóòótọ́, mo sì ń yan láàárín àgbàlá, mò ń sọ fáwọn ayálégbé pé ọpọlọ ló kù fún wọn.

Ìgbà tí yíyún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọrùn, abíyá, àárín ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ ò dé. Ojú ọmọ pọ́n, ikọ́ gbé e. Kí ni ẹni tó ní làákàyè máa ṣe? Á gbójú wòkè. Èmi ò wòkè, ojúlé kejì ni mo wò. Mo ní wèrèpè ni. Mo ní Fàlílátù tó wà ní yàrá kejì ló bu wèrèpè sára aṣọ tí a sá, torí òun àti Waliyah ti jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí okùn ìsáṣọ. Mo dúró láàárín àgbàlá láìwẹ̀wù, mo ti fi epo pupa para látòkè délẹ̀, torí wọ́n ní epo ló ń pa wèrèpè, mo rí bí iṣu sísun tí wọ́n pa lépo, mo ní kí obìnrin tó ń bá wa gbọ́mọ láàárọ̀ lálẹ́ wá búra. Ó búra, Màmá. Ó ń sunkún, ó sì ń búra.

Ìyẹn ò tó mi. Mo gbé omi kaná, mo ní kí gbogbo wa fi kàn-ìn-kàn-ìn bó ara wa dáadáa. Nígbà tí mo ròyìn fún nọ́ọ̀sì tó wo ọmọ, ṣe ló di àga mú. Ó ní bí a ṣe ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara la ń ti gíláàsì wọlé sí i, ó ní omi tútù ló yẹ ká jẹ́ kó ṣàn án lọ, ká má họ ọ́, ká sì fọ àwọn aṣọ yẹn lọ́tọ̀. Ó ní, "Bàbá Mobọ́lájí, kí lẹ gbé wọlé láìpẹ́ yìí?" Mo ní kò sí o, àfi òwú lásán. Ó ní òwú wo? Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ lohùn mi ń wálẹ̀. Ó ní ẹni tó bá máa fọwọ́ kan irú ẹ̀ á bo imú, á bo ojú, á wọ ìbọ̀wọ́, á sì sé e pa síbi tí kò ti ní máa bu lé èèyàn lórí. Ó wá bi mí léèrè sílìn tí mo fi ayùn rẹ́. Ìgbà tí mo sọ bó ṣe rí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ asibẹ́tọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, ìyẹn ò ní yúnni lára, eruku ẹ̀ á kàn lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kéèyàn tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní wọn kì í rẹ́ ẹ, wọn kì í fọ́ ọ, wọn kì í sì gbá eruku ẹ̀ ní gbígbẹ.

Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Mò ń fi ara mi ṣẹ̀sín níwájú yín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Ọmọ tí mò ń wá atẹ́gùn fún, èmi bàbá ẹ̀ ni mo da eruku lé lórí.

Mo mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀ ti lọ láti ìgbà tó ti dé ibí, mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń lé adìyẹ. Ọlọ́run ṣeun. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún ìyá ẹ̀ pé ilé ti yàtọ̀. Mi ò gun àkàbà kankan o, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ni mo pè. Wọ́n bo imú, wọ́n fomi wọ́n gbogbo ẹ̀, wọ́n tú sílìn yẹn lódindi láìfọ́ ọ, wọ́n di òun àti òwú sínú ọ̀rá tó nípọn. Pákó la fi ṣe sílìn báyìí. A dá ihò sí abẹ́ òrùlé lọ́tùn-ún lósì kí ooru lè rọ́nà jáde, a ta nẹ́ẹ̀tì sí i. A kun páànù ní ọ̀dà funfun tó ń ta oòrùn padà. Ohun tó wà lórí pákó, ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹní ore yín ni. Àwọn ẹní tí ẹ dì mọ́ ẹrù ìyàwó, tí mo tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mo ní ẹní ará oko ni. Bí èkúté bá fẹ́ sùn lórí ẹ̀, kó sùn, èkúté kì í yúnni lára. Mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Fàlílátù náà, ó ní ọjọ́ tóun bá rí Waliyah nílé lòun á tó dáhùn.

Ẹ ní kí ló dé tí ojú mi ṣì fà ro? Ẹ̀yin ará ibí yìí, ojú yín ti ríran jù. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òwú yẹn ṣẹ́kù. Kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa ni, mi ò sọ fún Waliyah, mo fẹ́ ṣe àna gidi, mo rán ìrọ̀rí kan, mo ki òwú sí i, mo fi rán Bísíríyù sí yín. Èyí tó ní òdòdó lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orí lé e mọ́. Ẹ gbé e fún mi kí n mú un lọ.

Kò sí níbí? Ẹ ní ó dára ju ohun tí ẹ lè máa sùn lé lọ? Ta lẹ wá gbé e fún? Bàbá Fàsásì? Ẹ̀gbọ́n yín, tí wọ́n fa Waliyah lé mi lọ́wọ́ níwájú àwọn ààfáà? Ẹni tí mo fẹ́ lọ bá lẹ́yìn ìrun alásárì, pé kí wọ́n bá mi bẹ ìyàwó mi? Mo gbé. Ṣé wọ́n ti ń sùn lé e? Ara wọn ti ń yún? Wọ́n ní wèrèpè ni? Ìyàwó wọn kékeré ni wọ́n sọ pé ó ṣe é?

Wọ́n ti ní kó wá búra?

Ẹ gbé bàtà mi fún mi, Màmá. Obìnrin kan ti fi omijé búra nítorí òwú mi, òmíràn ò ní búra. Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn? Waliyah, ìwọ ni, mo mọ ẹ̀rín ẹ, ó sì ti sú mi láti máa sùn nínú ilé tí kò sí ẹ̀rín yẹn. Máa rín in lọ. Ṣùgbọ́n bó o ṣe ń rín in, wá gbé ọmọ yìí pọ̀n, ká jọ lọ bá Bàbá Fàsásì. Ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá rí ọmọ lẹ́yìn ẹ, wọ́n lè jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì.