Àkísà Tí Mo Fà Yọ Lójú Ihò

Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ooru ń sá jáde nínú yàrá Moróunkẹ́, ayálégbé mi ní Bódìjà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé àìmọ̀ ni mo fi ṣe é. Mo mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi pa ẹnu burúkú yìí mọ́. Lónìí, bó fẹ́ bó kọ̀, yóò là.

Oṣù Ayọ̀mikún, ọmọ rẹ̀, kò pé kí Moróunkẹ́ tó bí i, ọyẹ́ sì mú gan-an lọ́dún náà. Nọ́ọ̀sì tan àbẹ́là, ó ń gbé e kiri yàrá. Nígbà tó dé abẹ́ àwọn ihò atẹ́gùn tí ọkọ mi olóògbé dá sí òkè fèrèsé, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, ibí ni ọyẹ́ ń gbà wọlé. Ara ọmọ yìí kò gbọdọ̀ tutù.” Moróunkẹ́ fi àkísà àti fóòmù dí gbogbo rẹ̀ pa.

Inú bí mi. Ṣé ilé tí ọkọ mi fi òógùn kọ́ ló wá dà bí àgọ́ alákìísà lójú àwọn ará àdúgbò? Agbéraga ni mí! Lọ́jọ́ tí Moróunkẹ́ gbé ọmọ lọ wọ̀n nílé ìwòsàn, mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn, mo gun àga, mo fa gbogbo rẹ̀ yọ, mo sì fa kọ́tìnì bò ó.

Ojoojúmọ́ ni mo ń bi í pé ọmọ ńkọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ara ọmọ tutù bí òkúta odò. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò padà wálé.

Ìyá ọkọ Moróunkẹ́ dé láti Ṣakí, ó ní, “Ìyá onílé, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ṣé ìyàwó wa ń fi aṣọ bo ọmọ mi?”

Èmi ìkà dáhùn pé, “Ọmọ ìsinsìnyí! Fóònù ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀.”

Moróunkẹ́ wò mí. “Màmá, ẹ̀yin náà?”

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ló tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò di onílé lọ́la, ẹ má ka ògiri sí ju ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo ránṣẹ́ pe Moróunkẹ́, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń bi mí pé ọmọ ńkọ́, tẹ́ ẹ sì mọ̀?”

“Dárí jì mí, ọmọ mi.”

“Ẹ má pè mí lọ́mọ yín.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ṣí géètì. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò bojú wẹ̀yìn.