Yèyé Kò Pe Orúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama sì ni mí ní Ìlọ́fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Irọ́ kan wà tí mo pa ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Mo rò pé yóò tán nílẹ̀ bí irọ́ ọmọdé ti máa ń tán. Kò tán. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sára ibojì ìyá bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá ni àbúrò bàbá mi, òun sì ni àbíkẹ́yìn Yèyé, ìyá bàbá mi. Etíkun ilẹ̀ Kenya ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wa, nítorí pé òkè ni ó yí wa ká, omi tí ó jìn jù tí púpọ̀ nínú wa rí kò ju kànga lọ. Amòòkùn ni. Ó máa ń gbé irin kan tí ó dà bí sìlíńdà gáàsì ìdáná kọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí ni ó wà nínú rẹ̀. Yóò wá kó àwọn àlejò sẹ́yìn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun láti wo àpáta iyùn. Òun ni ó sọ fún mi pé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn lábẹ́ omi. Mo wo èyí tí Yèyé máa ń fi sọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ọdún, ó sì yà mí lẹ́nu.

Yèyé kì í bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù. Ohun tí ó máa ń sọ kò ju "Kọ́lá, wá ulé" lọ, ìyẹn ni pé kó wá sílé. Èmi ni Bọ̀ọ̀dá máa ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ó máa ń dárúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti ń mòòkùn fún mi bí àgbẹ̀ ṣe ń dárúkọ àwọn oko rẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọgbà, nítorí pé iyùn ibẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀fọ́. Ibì kan tún dà bí ògiri tí ó já sínú òkùnkùn, níbi tí àwọn ìjàpá òkun ti máa ń sùn. Ó kọ́ mi ní òfin wọn pẹ̀lú. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyùn. Kò gbọdọ̀ sáré gòkè. Ẹni tí ó bá sì mòòkùn lónìí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí di ọ̀la. Mo béèrè ìdí.

"Mú ìgò mínírà kan," ó wí, "mì í dáadáa, kí o wá já ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Á tú sí mi lára, Bọ̀ọ̀dá."

"Bí ẹ̀jẹ̀ wa náà ṣe máa ń hó nìyẹn, bí a bá kánjú lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ là á ṣí i."

Nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni mo mọ òfin yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo ti fi Bọ̀ọ̀dá yangàn ní kíláàsì. Mo ní ó ń rìn nísàlẹ̀ òkun, kò sì sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn mi, sọ ọ́ di orin: "Ọmọ ẹja, ṣé bọ̀ọ̀dá ẹ ti hu ìpẹ́?" Gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Ní ìparí sáà, olùkọ́ wa ya ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ kí a lè mú ìbátan wa wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá. Ó ní àwọn àlejò òun pọ̀ ní àkókò náà, òun kò lè wá. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Yèyé kú. Ìyá mi ni ó sọ fún mi nígbà tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Yèyé jókòó ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá mi bá a tí orí rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀gúsí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti wà ní mọ́ṣúárì, àwọn àgbà sì ti fi ìsìnkú sí oṣù tí ń bọ̀ kí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi lè múra.

Ẹ mọ àṣà wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn. Bàbá mi pè mí sínú yàrá.

"Ìwọ ni kí o pe Kọ́lá," ó wí. "Bí ó bá gbọ́ ohùn mi, á mọ̀. Sọ fún un pé ara Yèyé ò dá, kó máa múra ilé bọ̀. Òkú ò gbọdọ̀ ti ẹnu ẹ jáde."

Ó jáde lọ bá àwọn tí ó wá kí wa. Kò gbọ́ ìyókù.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rán mi. Bọ̀ọ̀dá ní, "Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú omi. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń lọ lálẹ́ òní, òmíràn ń lọ lálẹ́ ọ̀la. Ìwọ ọmọ yìí, o mọ òfin wa. Ṣé Yèyé lè dúró dè mí di ọ̀la?"

Ó bi mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó bi mí.

Ohun tí ó yẹ kí n sọ kò ṣòro. Mo lè ní, "Ẹ dúró di ọ̀la, Bọ̀ọ̀dá." Èyí kò já sí títúfọ̀. Àṣà kò dí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń rò. Bí ó bá dúró, Sátidé ni yóò tó dé Ìlọ́fà, Ṣẹ́gun á sì tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹ má dúró. Ó ń pe orúkọ yín. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ pè yín, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, 'Kọ́lá ń bọ̀.'"

Inú orí mi ni mo ti mú gbogbo rẹ̀ jáde.

Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú alẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó balẹ̀ ní Èkó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú tipiri, àga onítáyà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, n kò tilẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà ìsìnkú, ọ̀pá ni Bọ̀ọ̀dá fi tẹ̀lé pósí ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ mòòkùn mọ́ láyé rẹ̀. Òun náà mọ òfin, òun ni ó sì yàn láti wọ ọkọ̀. Mo ti gbìyànjú láti fi èyí tu ara mi nínú, kò wọlé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé ọ̀dọ̀ wa. Bí àlejò bá kẹ́dùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, "Kò dùn mí. Yèyé mọ̀ pé mò ń bọ̀ kó tó lọ. Ọmọ yìí ló gbọ́ ọ. Wá, sọ ọ́ fún wọn." N óò sì sọ ọ́. Mo ti fi kún un láìmọye ìgbà. Mo ti fi ọwọ́ Yèyé kún un, bí ó ṣe di ọwọ́ mi mú. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan nu ojú rẹ̀, ó ní irú mi ló ṣeé rán níṣẹ́. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Bàbá mi mọ̀ pé Yèyé ti kú kí n tó pe Bọ̀ọ̀dá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Irọ́ tó ń tù ú nínú yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó rò pé àánú ni ó mú mi pa á. Kò mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá bi mí ní ìbéèrè.

Ìrántí ọdún kan ti dé báyìí. Bíríkìlà yóò ti Ararọ̀mí-Ọ̀pin wá ní Sátidé láti parí ibojì náà. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kí wọ́n kọ "Kọ́lá ń bọ̀" sábẹ́ orúkọ Yèyé. Ó fún mi ní ìwé funfun kan. "Ìwọ lo gbọ́ ọ, ìwọ ni kí o kọ ọ́ fún wọn," ó wí. "Lẹ́tà gàdàgbà ni o. Ojú bíríkìlà yẹn ò ríran."

Bí mo bá jẹ́wọ́, yóò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò pe òun, àti pé lásán ni ẹsẹ̀ náà lọ. Mo ń bẹ̀rù pé kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, bí kò ṣe kí ẹrù lè kúrò lórí tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, iwájú irọ́ mi ni yóò máa dúró sí lórí ọ̀pá, tí yóò máa kí ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó béèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi. N kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo ní, "Ẹ dúró di ọ̀la, Bọ̀ọ̀dá."

"Kò burú," ó dáhùn. "Kí là ń kánjú sí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì sọ fún mi: kí ni kí n sọ fún un lọ́la?