Bíṣọ́ọ̀bù Kì í Jẹ Ẹ̀bà

Rárá, Làbákẹ́, má kúnlẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí tutù, èmi náà ò sì lágbára tí n ó fi fà ọ́ dìde. Jókòó sórí àpótí yẹn kí o gbọ́ tẹnu mi, nítorí láti àárọ̀ tí mo ti bá òkú Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, tó nà gbọọrọ, tí abọ́ ẹ̀bà rẹ wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Mo mọ̀ pé ológbò ni. Yẹ̀kínnì onílé náà ti sọ ọ́ fún mi: "Bàbá, ológbò ló kú, kì í ṣe ènìyàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ni mo ti ń pe Bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ta ló mú un wọlé? Ṣebí Caroline ìyàwó mi ni. Òun ló gbé e láti Ọ̀yìngbò nínú apẹ̀rẹ̀ ata, òun ló wo funfun ọrùn rẹ̀ tó ní ó jọ kọ́là àlùfáà. Nígbà tí Caroline kú, ó fi mí sílẹ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù, ó sì fi Bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni kò mọ eku pa.

Nígbà tí dókítà ẹran ní Yábàá wá sọ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, àtọ̀gbẹ tó ń ṣe ènìyàn gan-an, pé kí n máa gún un lábẹ́rẹ́, pé kò gbọdọ̀ jẹ gààrí, ìrẹsì, àgbàdo tàbí fùláwà, ta ló rin gbogbo Sùúrùlérè? Láyé SAP yìí, tí agolo mílíìkì ti di ohun à-ń-wò-lókèèrè, èmi ń wá agolo oúnjẹ ológbò. Èyí tó gbẹ bíi bisikíìtì, dókítà ní rárá, àgbàdo ló kún inú rẹ̀. Èyí tó lọ́bẹ̀ tó ń dán, tó wu èmi alára í jẹ, fùláwà ni wọ́n fi mú ọbẹ̀ náà ki. Mo dúró sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka ẹ̀yìn agolo bí ẹni ń ka Bíbélì, títí mo fi rí èyí tó jẹ́ kìkì ẹran lílọ̀. Nígbà tí ìyẹn tán nígboro, mo ń lọ ra ẹja tútù ní Ìwáyà, mo ń sè é láìníyọ̀, mo ń ṣa egungun rẹ̀ kúrò. Caroline tó fẹ́ mi títí a fi darúgbó, mi ò ṣa egungun ẹja fún un rí.

Mo sì sọ fún ọ. Àbí mi ò sọ? Nídìí ẹ̀rọ omi yẹn, mo ní, "Làbákẹ́, Bíṣọ́ọ̀bù ní àtọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bà mọ́." Kí lo ṣe? O di ògiri mú. O pe Ọmọlará inú yàrá kejì sí tìrẹ kó wá gbọ́, mo tún un sọ, òun náà jókòó sílẹ̀. O ní, "Dádì, ẹ ò ní pa wá." Gbogbo àwàdà tí mo ti ń ṣe nínú ilé yìí, ẹ ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Òtítọ́ kan ṣoṣo ni mo sọ, òun lẹ wá rín tí omi fi bọ́ lójú yín.

Ẹ̀n? O ní Bíṣọ́ọ̀bù ń wò ọ́ lójú tí o bá ń jẹun? Ó mọ ènìyàn wò, kì í ṣe ìwọ ni yóò kọ́kọ́ wò. O rò pé ebi ni mò ń fi pa á. Ẹja láìsí òkèlè, ta ló ń jẹ irú ìyẹn bí kò ṣe olè? O ṣàánú. Èmi ń gún un lábẹ́rẹ́ lókè, ìwọ ń ro ẹ̀bà fún un nísàlẹ̀, mo wá ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí ara ọmọ yìí ò yá.

Ikú kọ́ ló dùn mí jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ, Làbákẹ́, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Síbẹ̀ ó fi mí sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn díẹ̀díẹ̀, ó wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Èmi tí mo fẹ́ kó yè, ebi ló ń pa á lọ́wọ́ mi. Ìwọ tí o pa á, ó yó lọ́wọ́ rẹ. Tí mo bá pàdé Caroline, tó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni Bíṣọ́ọ̀bù kú sí, kí ni n ó wí?

Ó tó. Nu ojú rẹ. Mi ò ní ṣépè fún ọ. Èpè wo ló wà fún ẹni tó ń fúnni lóúnjẹ? Dìde, gbé omi kaná. Ro ẹ̀bà, kó le díẹ̀, gbé e wá fún mi lókè, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ọbẹ̀ lásán ni kí o dà sí i. Má fi ẹja sí i. Ẹja wà lókè, mo ti sè é, mo ti ṣa egungun rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́.